Kí ni CPE tí wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pásítọ̀ lọ ṣe nílé ìwòsàn?

Àbúrò kan tí a jọ dàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì pè mí láti Texas lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti wà ní ọdún kejì ní sẹ́mínárì, ohùn rẹ̀ ò sì dùn rárá. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní mo gbọ́dọ̀ ṣe CPE kí wọ́n tó lè fi mí joyè àlùfáà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa kọ́ mi níbẹ̀, wọ́n ní àwọn aláìsàn ló máa kọ́ mi. Mo wo ìwé ètò wọn látòkè délẹ̀, mi ò rí Jẹ́nẹ́sísì, mi ò rí Ìfihàn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi mí ṣe òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́?"

Mo rẹ́rìn-ín, torí ohun témi náà sọ gẹ́lẹ́ nìyẹn nígbà tó kàn mí. Ká ní òun nìkan lọ̀rọ̀ náà ń rú lójú ni, ǹ bá fi mọ sórí fóònù. Ṣùgbọ́n ìyá kan nínú ìjọ wa ṣì gbà títí dòní pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo lọ kọ́. Pásítọ̀ kan tó jù mí lọ dáadáa ní ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń pa iná Ẹ̀mí lára èèyàn. Ọ̀rẹ́ mi kan sì rò pé tí òun bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, òun ti di chaplain, ìyẹn àlùfáà ilé ìwòsàn, nìyẹn, owó oṣù ti dé.

CPE ni ìkékúrú Clinical Pastoral Education. Tí n bá ní láti sọ ọ́ ní Yorùbá tó máa yé ìyá mi, màá ní: ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ṣe olùṣọ́-àgùntàn, tí wọ́n ń kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn. Ẹ wo télọ̀. Kò sẹ́ni tó ń ka ìwé di télọ̀. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó ti ọ̀gá, á gé aṣọ, á bà á jẹ́, ọ̀gá á tú u, á ní kó rán an padà. Dókítà náà, bó ti wù kó mọ̀wé tó, ó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá nílé ìwòsàn kí wọ́n tó dá a dá aláìsàn. Pásítọ̀ nìkan la máa ń rò pé tó bá ti lè wàásù, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti abiyamọ tí ọmọ rẹ̀ kú láàárọ̀ yìí.

Ẹni tí wọ́n sábà máa ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ ló rí i, kì í ṣe inú ìwé. Anton Boisen lorúkọ rẹ̀, àlùfáà ni ní Amẹ́ríkà. Ní 1920, ọkàn rẹ̀ dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Massachusetts. Ó lé lọ́dún kan tó lò níbẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó di í mú pé ohun tó ṣe òun kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ lásán. Ọ̀rọ̀ òun àti Ọlọ́run wà nínú rẹ̀, dókítà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ irú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò kọ́ àlùfáà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ. Ní 1924 ó padà sí irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ní ìlú Worcester, lọ́tẹ̀ yìí gẹ́gẹ́ bí àlùfáà wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1925, ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ láti sẹ́mínárì wá síbẹ̀. Kò gbé wọn sórí pẹpẹ. Iṣẹ́ ìtọ́jú ní wọ́ọ̀dù ló fà lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n máa bá àwọn aláìsàn gbé, kí wọ́n sì padà wá sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Èèyàn, ó ní, ìwé alààyè ni, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kà á tìṣọ́ratìṣọ́ra bó ṣe ń ka Bíbélì lédè Gíríìkì. Ọmọbìnrin kan wà lára àwọn àkọ́kọ́ yẹn, Helen Flanders Dunbar, tó padà di dókítà olókìkí.

Dókítà kan ló gbè é lẹ́yìn: Richard Cabot, ti Massachusetts General Hospital ní Boston. Lọ́dún 1925 kan náà ló kọ̀wé pé ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà ní ọdún kan tó máa lò lọ́dọ̀ aláìsàn, bí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ṣe ń ṣe. Àwọn méjèèjì ò bára wọn rẹ́ títí dópin o. Boisen ní ohun tó wà nínú ọkàn lè da èèyàn lọ́pọlọ rú. Cabot ní inú ara ni kí wọ́n ti wá a. Nígbà tí ọkàn Boisen tún dàrú ní 1930, ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹ̀kọ́ náà bá ya sọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì di 1967 kí àwọn ẹgbẹ́ mẹ́rin tó ń kọ́ ọ tó para pọ̀ di ACPE, ẹgbẹ́ tó ń fọwọ́ sí ibùdó ẹ̀kọ́ náà ní Amẹ́ríkà títí dòní.

Ó dáa, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?

Yúnìtì ni wọ́n fi ń kà á. Yúnìtì kan jẹ́ wákàtí 400, ó kéré tán. Wákàtí 100 nínú rẹ̀, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ jẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú olùkọ́ àti ẹgbẹ́, ìyókù di ti wọ́ọ̀dù. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀ẹ̀rùn kan ṣe é tán, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá, àárọ̀ títí dalẹ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lè fà á gùn di oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ sẹ́mínárì àti ìjọ ní Amẹ́ríkà ò béèrè ju yúnìtì kan lọ kí wọ́n tó fi èèyàn joyè. Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ chaplain jẹun, tó fẹ́ ìwé ẹ̀rí tó ga jù, yúnìtì mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń béèrè, pẹ̀lú oyè ilé ẹ̀kọ́ gíga àti ìfọwọ́sí ìjọ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rẹ́ mi yẹn ti ṣì í nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yúnìtì ẹyọ kan ló máa ń sanwó. Àwọn tó bá rí àyè ọlọ́dún kan gbà, ilé ìwòsàn máa ń fún wọn lówó tí wọ́n á fi gbọ́ bùkátà, kò sì pọ̀.

Wákàtí wọ́ọ̀dù ò ní kí n ṣàlàyé rẹ̀ púpọ̀. O fọ ọwọ́, o kan ilẹ̀kùn, o wọlé, o jáde, o tún fọ ọwọ́. Inú wákàtí 100 yẹn ni iṣẹ́ wà. Ohun tó sì wà láàárín rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní verbatim.

Verbatim ni kí o lọ kí aláìsàn, kí o padà dé, kí o kọ gbogbo ohun tí ẹ sọ sílẹ̀, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bó ṣe jáde lẹ́nu, títí kan ìgbà tí ẹ dákẹ́. Ìwọ ni C, aláìsàn ni P, wàá sì fi nọ́ńbà sí i: C1, P1, C2, P2. Russell Dicks, àlùfáà tó bá Cabot ṣiṣẹ́ ní Boston, ló jẹ́ kí àṣà yìí fìdí múlẹ̀ láyé 1930. O ò gbọdọ̀ kọ orúkọ aláìsàn sí i, torí òfin Amẹ́ríkà ò fi àṣírí aláìsàn ṣeré. Èmi náà ti yí ohun tí wọ́n fi lè mọ ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí padà. Gẹ̀ẹ́sì la sọ. Bó ṣe rí ní Yorùbá nìyí:

C1: Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni chaplain. Báwo lara?
P1: Wọ́n gé e lánàá.
C2: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ ṣáà dúpẹ́ pé ẹ̀mí wà.
P2: (Ó wo ojú fèrèsé.) Bẹ́ẹ̀ ni.
C3: Ọlọ́run ò ní fi yín sílẹ̀. Ṣé ká gbàdúrà?
P3: Ẹ gbà á.

Mo gbà á. Àdúrà náà gbóná, mo sì rìn jáde bí ẹni tó ṣẹ́gun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kó o lọ síwájú ẹgbẹ́. Àwa márùn-ún la wà níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ wa, obìnrin pẹ̀lẹ́tù kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ó kà á tán, ó bi mí pé, "Àdúrà yẹn, ta lo gbà á fún?" Kí n tó dáhùn, sístà Kátólíìkì tó jókòó sápá òsì mi fi ìka sí P1. Ó ní, "Ó ní wọ́n gé e. Kí ni wọ́n gé?"

Ẹnu mi wọhò. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni, mo kà á nínú fáìlì pé ìtọ̀ ṣúgà ló fà á. Ṣùgbọ́n mi ò bi í. Ìyá yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún mi pẹ̀lú gbólóhùn ẹyọ kan, mo fi "ẹ dúpẹ́" tì í padà. Ó wo ojú fèrèsé, mo rí i pé ó wò ó, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ mi ò gbọ́. Nígbà tó ní "Ẹ gbà á," bóyá ó kàn fẹ́ kí n tètè máa lọ ni.

Wọ́n ní kí n padà lọ. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní, "Mà, ẹ sọ fún mi lánàá pé wọ́n gé e." Mo pa ẹnu mi dé. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní ẹsẹ̀ ọ̀tún ni. Òun ló fi ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, dùùrù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ nísàlẹ̀ yẹn, láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Kò bínú sí Ọlọ́run, ó ní. Ó kàn ń rò ó pé tí wọ́n bá gbé òun wọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí kẹ̀kẹ́, ẹlòmíì ló máa wà nídìí dùùrù, òun ò sì mọ ibi tí òun máa jókòó sí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, kò tíì jókòó láàárín ìjọ rí tí kì í ṣe ìdí dùùrù tàbí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Ká ní mi ò padà lọ ni, ǹ bá má mọ̀ láéláé. CPE nìyẹn. Gbogbo ìyókù, ẹ̀ka ni.

Ẹ jẹ́ n sọ ibi tó ti le fún àwa Yorùbá. Kò sí èdè tí mo mọ̀ tó ní ìkíni tó tiwa. Ẹni tó bímọ, ẹni tó jáde nínú jàǹbá, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ẹni tó ń rọ́jú, a ní tiwọn: ẹ kú ewu, ẹ kú ará fẹ́ra kù, ẹ kú ìrọ́jú. Ohun iyì ni, mi ò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kí n jù ú nù. Ṣùgbọ́n a tún máa ń fi dí ẹnu èèyàn. Olóògbé ò tíì tutù tán, a ti ń sọ fún opó pé "ó ti tó, ẹ má sunkún mọ́, ẹ wo tàwọn ọmọ." Ẹkún yẹn, àwa ni ò lè gbà á mọ́ra. Àdúrà náà lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ka Jóòbù dáadáa: ọjọ́ méje tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é re, wàhálà dé nígbà tí wọ́n yanu.

Ibòmíì tó ti le ni ìjókòó ẹgbẹ́ tí kò ní kókó kankan. Ẹ máa jókòó yíká fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ní kí olúkúlùkù sọ bí ọ̀rọ̀ ẹnì kejì ṣe rí lára òun. Olùkọ́ tó tó ìyá ẹ bí, orúkọ rẹ̀ lásán ni wọ́n ní kí o máa pè. Wọ́n á ní kí o sọ pé o bínú sí i, lójú rẹ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wo ilẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé mi pé mò ń fara pa mọ́. Níbí yìí, mo rò pé àwọn ni ò mọ̀wé kà. Ọmọ tó wo ilẹ̀ níwájú àgbà kò sá, ó ń bọ̀wọ̀ ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbẹ̀yìn, olùkọ́ mi sì ní, "Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń dúró de kí o sọ ọ́." Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nítorí náà, tí ẹ bá ń lọ, ẹ tètè ṣàlàyé ara yín.

Ọ̀rọ̀ iná Ẹ̀mí ńkọ́? Òótọ́ ni pé wọn kì í jẹ́ kí o wàásù láti yí aláìsàn lẹ́sìn padà. Àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ní Jésù ni wọ́n fi ń tijú. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ò lè dìde jáde bí ìwàásù ò bá dùn mọ́ ọn. Omi ń wọ apá rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ò tiẹ̀ bò ó lẹ́yìn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìjọ, kò wá síbi ìwàásù. Mo ti rí àwọn ajíhìnrere nílé tó ń pariwo láti bẹ́ẹ̀dì dé bẹ́ẹ̀dì láago mẹ́fà àárọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun sùn á ta jí. Tí aláìsàn bá ní kí o gbàdúrà, gbà á lórúkọ Jésù tó bá jẹ́ onígbàgbọ́. Tó bá jẹ́ Mùsùlùmí tó fẹ́ rí Ìmáàmù, bá a wá Ìmáàmù. Tó bá ní kò sí Ọlọ́run, tó sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ajá rẹ̀ tó wà nílé, jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ ajá. Òróró? Ó ṣeé ṣe, bi nọ́ọ̀sì ná. Àbẹ́là tí wọ́n tàn? Rárá o, ọ́síjìn ń jáde.

Òru ni mo ti rí i kedere pé ìgbàgbọ́ mi ò lọ síbì kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sùn síbẹ̀ nígbà tó bá kan òun, pẹ̀lú fóònù ilé ìwòsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Wọ́n pè mí láago méjì òru kan. Ìdílé kan láti ilẹ̀ wa ni, ọmọ wọn ọkùnrin ló ní jàǹbá ọkọ̀. Dókítà ní ẹ̀rọ nìkan ló ń mí fún un, kò sì sí ìrètí pé á tún dìde, kí ìdílé ronú bóyá kí wọ́n yọ ọ́. Àwọn ẹbí ní àwọn ò gbà á lórúkọ Jésù. Dókítà wò mí bí ẹni pé kí n bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbà. Iṣẹ́ mi kọ́ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ wá àga, torí ìyá náà ti dúró láti ìgbà tí wọ́n ti dé. Mo bu omi wá. Mo bi bàbá náà pé irú ọmọ wo ni ọmọ yìí, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn ìgbà náà ni mo bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù jù. Ó ní tí òun bá fọwọ́ sí i, òun lòun pa ọmọ òun. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ gbólóhùn yẹn láti àárọ̀. Mo pe dókítà padà, mo ní kó sọ fún bàbá yìí ohun tó ń pa ọmọ rẹ̀. Ó sọ ọ́, ó jókòó sọ ọ́. A gbàdúrà, àdúrà tí wọ́n fẹ́ gan-an, kíkankíkan, pé kí Ọlọ́run dá sí i. Ohun tí wọ́n pinnu lọ́jọ́ kejì, tiwọn ni.

Ẹni tó fẹ́ lọ, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀. Kí o tó sanwó kankan, bi sẹ́mínárì tàbí ìjọ rẹ pé ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ wo ni wọ́n ń gbà, torí ACPE nìkan kọ́ ló ń kọ́ ọ, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí mo mọ̀ pé ó ṣe é tán, wọ́n ní kì í ṣe irú tiwọn. Ní ìlú Ọba, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀: àwọn ilé ìwòsàn ìjọba, tí wọ́n ń pè ní NHS, fúnra wọn ló ń gba chaplain síṣẹ́, CPE kọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń béèrè níbẹ̀. Nílé, mi ò rí ìdí tí kò fi yẹ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ àlùfáà lo oṣù mẹ́ta ní wọ́ọ̀dù. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, sẹ́mínárì Baptist ti wà láti 1898, iṣẹ́ ìṣègùn Baptist sì bẹ̀rẹ̀ nínú ìlú yẹn kan náà ní 1907. Ìwé àti aláìsàn ti ń gbé àdúgbò kan láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Fọ́ọ̀mù ìwọlé ló máa ń dá àwọn tó fẹ́ lọ dúró jù. Wọ́n ní kí o kọ ìtàn ayé rẹ, ìrìn-àjò ìgbàgbọ́ rẹ, àti ìtàn ìgbà kan tí o ran ẹnì kan lọ́wọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á pè ọ́ wá bá wọn sọ̀rọ̀. Àwa máa ń kọ ẹ̀rí ìyìn síbẹ̀: bí Olúwa ṣe gbé mi dé ibi gíga. Wọn ò béèrè ìyẹn.

Àbúrò mi yẹn fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi ní Sátidé tó kọjá, kí n bá òun wò ó. Ojú ìwé mẹ́rin ni. Ìpàdé ọ̀dọ́ tó ti gba Jésù gba ojú ìwé kan àtààbọ̀. Bàbá rẹ̀ tó kú nígbà tó wà ní JSS 2, tó sì jẹ́ pé èmi àti òun la jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ yẹn, gba ìlà kan ṣoṣo. Mo fàlà sábẹ́ ìlà náà, mo dá a padà fún un.